Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Fúnra Wọn Gbé Àpérò Ẹkọ́lọ́jì àti Ẹfolúṣọ̀n Kalẹ̀ ní Ifẹ̀

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni gbogbo àpérò yìí dá lé lórí: méjìlá fún akẹ́kọ̀ọ́ láti sọ iṣẹ́ rẹ̀, mẹ́ta fún ìbéèrè. Gbọ̀ngàn, oúnjẹ, lẹ́tà, jẹnẹrétọ̀, gbogbo wọn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ni wọ́n ń ṣọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ Part 4 (ọdún kẹrin) tó fi oṣù mẹ́fà ka ìgbín létí odò Ọ̀pà, tó wá dé iwájú èrò tí wọ́n ní kó fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ ọ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ ìkíni ti jẹ àkókò, ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́.

A kọ èyí fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Zoology, Botany àti ẹ̀kọ́ àyíká ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, fún àpérò ọjọ́ kan lórí ẹkọ́lọ́jì (bí ẹ̀dá abẹ̀mí ṣe ń bá ara wọn àti àyíká wọn gbé) àti ẹfolúṣọ̀n (bí wọ́n ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran), tí èèyàn bí ọgọ́rùn-ún máa wá. Àwọn ará Yunifásítì Iléṣà náà lè mú un lò, kí wọ́n kàn pààrọ̀ orúkọ ibi.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣírò wákàtí kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni

Láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ jẹ́ wákàtí méje. Ẹ yọ ààbọ̀ wákàtí fún ìṣíde, wákàtí kan fún olùbánisọ̀rọ̀ àgbà, ààbọ̀ wákàtí fún tíì, wákàtí kan àtààbọ̀ fún oúnjẹ ọ̀sán àti pósítà (iṣẹ́ tí a tẹ̀, tí a gbé kọ́ fún èèyàn láti kà), ààbọ̀ wákàtí fún ẹ̀bùn. Ó ku wákàtí mẹ́ta. Ẹ pín in sí ìjókòó mẹ́ta, olùsọ̀rọ̀ mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olùsọ̀rọ̀ méjìlá ni ọjọ́ kan lè gbà, kò sí bí ẹ ṣe lè fà á gùn.

Bí ogójì akẹ́kọ̀ọ́ bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ mú méjìlá fún ọ̀rọ̀ ẹnu àti ogún fún pósítà, kí mẹ́jọ yòókù gba àlàyé tó lè mú kí iṣẹ́ wọn dára lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ máa dábàá pé kí ẹ lo gbọ̀ngàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ lè gba mẹ́rìnlélógún. Ẹ má gbà. Èrò ọgọ́rùn-ún tí ẹ bá pín sí méjì á di ogójì níbí, ọgbọ̀n lọ́hùn-ún, ìyókù á wà lábẹ́ igi níta. Èyí tó burú jù ni pé ẹni tó ń ka àdán kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ka èso tí àdán ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ìdí tí a fi pe ara wa jọ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọjọ́ àti ìgbìmọ̀

Sátidé ló dára jù, torí gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣófo. Ọjọ́ Ẹtì á forí gbárí pẹ̀lú ìrun Jímọ̀. Tí olùsọ̀rọ̀ kan bá ń pa Sábáàtì mọ́, ẹ gba fídíò ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáájú. Àwọn kan fẹ́ràn láti so àpérò mọ́ 12 February, ọjọ́ ìbí Charles Darwin, tàbí 22 May, ọjọ́ àgbáyé fún onírúurú ẹ̀dá abẹ̀mí. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà sẹ́mẹ́sítà ni kó ṣíwájú: ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìdánwò. Tó bá jẹ́ May, òjò ti dé nìyẹn. Gbọ̀ngàn tó jẹ́ páànù lásán láìsí sílìn, bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú, máìkì pàápàá kò ní gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ mú ọjọ́ kejì dání nítorí ìyanṣẹ́lódì, kí ẹ má sì san owó tí kò ṣeé gbà padà títí yóò fi ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Ènìyàn mẹ́jọ tó: alága, akọ̀wé, akápò, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ tó ń wọlé, ti gbọ̀ngàn àti iná, ti oúnjẹ, ti ìkéde, ti àlejò. Kí mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọ Part 2 tàbí Part 3. Ìgbìmọ̀ tó bá jẹ́ Part 4 nìkan, gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ ló máa bá wọn lọ sí NYSC.

Lẹ́tà sí ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀kọ́, sí dean, sí Student Affairs àti sí ẹ̀ṣọ́ ọgbà máa ń jáde ní ọ̀sẹ̀ 12 ṣáájú, nípasẹ̀ olùkọ́ tó jẹ́ alámọ̀ràn yín. Ẹ máa mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti déètì sí ọ̀kan fún yín. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, bí ìgbà tí ẹ kò mú un wá rí ni, pàápàá bí akọ̀wé ọ́fíìsì bá yí padà. Olùbánisọ̀rọ̀ àgbà náà, ọ̀sẹ̀ 12 ni kí ẹ kọ sí i. Ìbàdàn kò jìnnà, yunifásítì ibẹ̀, IITA (ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀) tó ní igbó tirẹ̀ àti Ilé Iṣẹ́ Ìwádìí Igbó ti Nàìjíríà wà níbẹ̀. Àkúrẹ́ àti Òṣogbo náà wà nítòsí. Kí lẹ́tà sọ iye ìṣẹ́jú tí wọ́n ní (40, pẹ̀lú 20 fún ìbéèrè) àti ẹni tó máa san owó ọkọ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ dúró de ẹnu.

Ìgbésẹ̀ kẹta: abstract (àkópọ̀ iṣẹ́ ní ṣókí), ibi tí iṣẹ́ ti ń dára tàbí bàjẹ́

Ìpè fún iṣẹ́ jáde ní ọ̀sẹ̀ 10 ṣáájú àpérò, ó parí nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ 6. Ọ̀rọ̀ 250, kó má lé. Tí ẹ bá lo Google Forms, ẹ má ṣe fi àpótí kan ṣoṣo síbẹ̀. Ẹ ṣe márùn-ún: kí ni ìbéèrè yín; kí ló jẹ́ kó ṣe pàtàkì; níbo, nígbà wo, mélòó lẹ kà tàbí wọ̀n; kí lẹ rí, pẹ̀lú nọ́ńbà; kí ni ohun tí ẹ rí túmọ̀ sí. Àpótí kẹrin yìí ló ń gba iṣẹ́ là. Láìsí i, ìdajì wọn á kọ pé "èsì máa jẹ́ jíjíròrò níbi àpérò," ohun tó sì túmọ̀ sí ni pé kò tíì sí èsì.

Ẹni mẹ́ta ni kó ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ orúkọ kúrò. Kí wọ́n fún un ní máàkì 1 sí 5 lórí ìbéèrè, lórí ọ̀nà ìwádìí, lórí èsì àti lórí bí ó ṣe yé ni, 20 lápapọ̀. Àwọn ibi mẹ́ta tí iṣẹ́ ti máa ń kọsẹ̀ nìyí, kí òǹkàwé sì ṣọ́ wọn.

Èkíní ni kíka ohun kan náà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kí a wá pè é ní ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò. Akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí oko kòkó mẹ́fà, ó fi férémù onímítà kan sí mítà kan ka ewéko ní ibi mẹ́wàá nínú oko kọ̀ọ̀kan, ó wá kọ ọ́ pé àyẹ̀wò òun jẹ́ ọgọ́ta. Bó bá jẹ́ oko tí wọ́n ń fín lóògùn ló fẹ́ fi wé èyí tí wọn kì í fín, mẹ́fà ni àyẹ̀wò rẹ̀, torí pé oko ni wọ́n ń fín, wọn kì í fín férémù. Ibi mẹ́wàá inú oko kan, ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà, àgbẹ̀ kan náà. Kó wá ìpíndọ́gba oko kọ̀ọ̀kan kó tó fi wọ́n wéra, tàbí kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìṣirò bí a ṣe ń fi oko sínú àgbékalẹ̀ náà. Àṣìṣe yìí kì í hàn lójú sláìdì, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ mú un níbi abstract.

Èkejì ni orúkọ. Ewé kan wà tó bo ẹ̀gbẹ́ títì àti oko àlọ́kù gbogbo ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ẹnì kan ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, tí ẹlòmíràn ń pè ní Akíntọ́lá. Chromolaena odorata ni, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló sì ti wá. Ẹ kọ orúkọ abínibí, kí ẹ kọ ti sáyẹ́ǹsì tẹ̀ lé e: ọ̀rọ̀ kìíní ní lẹ́tà ńlá, ìkejì ní kékeré, kí méjèèjì wà ní italics (lẹ́tà tó dagun). Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ewé tó ká lọ sí herbarium (ibi tí wọ́n ń tọ́jú ewé gbígbẹ) ti Botany, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà, kó sì kọ nọ́ńbà náà. Ti ẹranko, ẹ lọ sí Natural History Museum inú ọgbà. Iṣẹ́ tí kò dá ẹ̀dá rẹ̀ mọ̀ dáadáa kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta kan ẹfolúṣọ̀n gan-an. Ẹ ó rí i kà pé "ẹ̀fọn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fara da oògùn inú nẹ́ẹ̀tì." Ẹ̀fọn kan kò kọ́ nǹkan kan. Díẹ̀ nínú wọn ti ní ìyàtọ̀ nínú jíìnì wọn tẹ́lẹ̀. Oògùn pa àwọn tí kò ní in, àwọn tó ní in bí ọmọ, ìran tó tẹ̀ lé e sì kún fún wọn. Àwùjọ ló ń yí padà láti ìran dé ìran, ẹ̀dá kan kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá nílò àpẹẹrẹ tó yé gbogbo ilé ní Nàìjíríà, kó lo AS, ìyẹn ẹni tó ní jíìnì sickle cell kan ṣoṣo. Ọmọ tó jẹ́ AS ní ààbò lọ́wọ́ ibà líle ju ọmọ AA lọ. 1954 ni Anthony Allison tẹ ẹ̀rí èyí jáde. Ibi tí ibà ti pọ̀ ni jíìnì náà ti pọ̀ jù, láìka ìyà tí ọmọ SS ń jẹ sí. Ẹni tó bá gbọ́ èyí kò tún ní pe ẹfolúṣọ̀n ní ọ̀rọ̀ ọ̀bọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìdánrawò àti pósítà

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí olùsọ̀rọ̀ méjèèjìlá wá sọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn náà gan-an, pẹ̀lú aago. Sláìdì méjìlá, kó má jù bẹ́ẹ̀. Kí lẹ́tà inú àwòrán má kéré sí 20 pt. Tébù tó ní ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sẹ́ni tó máa kà á láti ẹ̀yìn. Ẹ sọ ọ́ di àwòrán. Kí aláwọ̀ pupa àti aláwọ̀ ewé má jọ wà nínú àwòrán kan, torí àwọn kan wà tí ojú wọn kì í yà wọ́n sọ́tọ̀.

Pósítà tiwa, orí flex (ike tí wọ́n fi ń ṣe bánà) ni a ń tẹ̀ ẹ́ ní Lágéré, ẹsẹ̀ bàtà sí ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n sì ń ṣírò owó rẹ̀. Ẹ lo 2 ft ní fífẹ̀, 3 ft ní gíga, tó súnmọ́ A1. Kí àkọlé jẹ́ 72 pt ó kéré tán, kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ má kéré sí 24 pt, kí gbogbo ọ̀rọ̀ má ju 400 lọ. Ẹ fi PDF lé wọn lọ́wọ́. Bí ẹ bá gbé PowerPoint lọ, tí kọ̀ǹpútà wọn kò ní irú lẹ́tà tí ẹ lò, gbogbo rẹ̀ á tú, àmì ohùn Yorùbá á sì di àpótí òfìfo. Bó bá jẹ́ JPEG, kó jẹ́ 3,600 × 5,400 pixel. Tí ẹ bá fẹ́ fi WhatsApp ránṣẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document. Èyí tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, WhatsApp á fún un pọ̀, àwòrán á sì jáde bí ẹni wò ó nínú kùrukùru. Àwọ̀ ewé tó ń tàn lójú kọ̀ǹpútà máa ń ṣú lórí flex, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ọ̀kan wò.

Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ pósítà mọ́ ògiri ọlẹ́fun. Kó tó di aago mẹ́wàá á ti já. Ẹ sọ pé kí wọ́n fi ihò onírin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ na okùn, ẹ sì fi ọ̀pá oparun tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìsàlẹ̀ kí fáànù má máa gbé e. Pósítà ogún, ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì pẹ̀lú àlàfo ẹsẹ̀ bàtà kan, jẹ́ 60 ft okùn, bíi mítà 18. Kí àárín pósítà wà ní mítà kan àtààbọ̀ sí ilẹ̀. Nínú 90 ìṣẹ́jú ọ̀sán, àwọn tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 1, 3, 5 dúró ti iṣẹ́ wọn fún 45 ìṣẹ́jú, kí àwọn 2, 4, 6 gba 45 tó kù. Báyìí ni olúkúlùkù á ráyè jẹun, á sì ráyè wo ti ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: gbọ̀ngàn àti iná

Òdùduwà Hall lẹ́wà, ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún èèyàn á sọnù sínú rẹ̀. Ẹ wá yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tó gba 120 sí 150, tó ní kọ́tìnì. Láìsí kọ́tìnì, ẹ nílò projector tó tó 3,000 lumens.

Ẹ gbà pé iná máa lọ. Ẹ kọ wáàtì sílẹ̀: projector 300, kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì 130, amplifier àti sípíkà 400, fáànù mẹ́fà ní 75-75 jẹ́ 450. Àpapọ̀ jẹ́ 1,280. Jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA ń gbé bíi wáàtì 2,000. Kò dára kí ẹ ju 1,600 lọ lórí rẹ̀, nítorí náà ó tó. Kékeré tí wọ́n ń pè ní I pass my neighbour kò lè gbé e rárá. Ohun tó sábà ń pa jẹnẹrétọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ ni kẹ́tù: àwọn tó ń bójú tó tíì á wá ibi tí wọ́n máa ki i bọ̀, òun nìkan sì lè jẹ wáàtì 2,000. Gáàsì ni kí wọ́n fi se omi tíì. Ẹ so projector mọ́ UPS, torí iná tó bá lọ lójijì, gílóòbù rẹ̀ kò ráyè tutù, ó sì máa ń tètè kú. Jẹnẹrétọ̀ máa mu bíi lítà kan sí kan àtààbọ̀ ní wákàtí kan. Ẹ ra kẹ́ẹ̀gì lítà 20. Ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé, ó kéré tán mítà mẹ́fà, torí afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀ kì í rùn, ó sì ń pani. Ẹ má da epo sí i nígbà tó bá gbóná.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ gba gbogbo sláìdì sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ní PowerPoint àti PDF, kí ẹ fi nọ́ńbà ìtẹ̀léra sọ wọ́n lórúkọ. Ẹ má gba flash lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní òwúrọ̀. Fáírọ́ọ̀sì kan tó láti sọ gbogbo fáìlì di shortcut. Ẹ ní okùn HDMI, okùn VGA, àti ohun tó ń so méjèèjì pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọjọ́ náà

Ìforúkọsílẹ̀ láti aago mẹ́jọ. Aago mẹ́sàn-án, àdúrà, orin orílẹ̀-èdè, ìkíni. Kò sí tábìlì àwọn lóókọlóókọ. Ọ̀rọ̀ ìkíni láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ yìí àti ẹgbẹ́ yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò, kí a kà á nílé.

Kò sí ọmọ tó fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí a fi ń lo káàdì. Ẹni tó ń ṣọ́ aago jókòó síwájú: káàdì aláwọ̀ ewé ní ìṣẹ́jú 8, yẹ́lò ní 10, pupa ní 12. Bí pupa bá jáde, atọ́kùn dìde dúró, kó má sọ nǹkan kan. Kí ẹ ti sọ èyí nínú lẹ́tà tí ẹ kọ sí olùbánisọ̀rọ̀ àgbà, kó má bàa kà á sí àfojúdi. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ dì mú jù. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún, gbogbo ẹni tó kù á gbà á.

Ìbéèrè méjì àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ló ni ín. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá kọ́kọ́ dìde, akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò ní na ọwọ́ mọ́. Kí atọ́kùn mú ìbéèrè kan sápò fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí yàrá bá dákẹ́. Nígbà tí àgbà bá sì ń gùn ún lọ, "Ẹ ṣeun sà, a máa gbà á níbi tíì" ti tó.

Ifẹ̀ la wà, ìlú tí a ń sọ pé àkùkọ ti tan iyẹ̀pẹ̀ ká orí omi. Ẹnì kan á béèrè bóyá ẹfolúṣọ̀n kò tako ìgbàgbọ́ òun. Ìbéèrè gidi ni, ó sì tọ́ sí ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ta kò gbà á, akẹ́kọ̀ọ́ tó ka ìgbín kọ́ ló sì yẹ kó dáhùn rẹ̀. Ẹ ya 20 ìṣẹ́jú ìbéèrè olùbánisọ̀rọ̀ àgbà sọ́tọ̀ fún irú rẹ̀, kí atọ́kùn dá a padà síbẹ̀, tàbí síbi tíì bí ìyẹn bá ti kọjá.

Onídàájọ́ méjì fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bójú tó iṣẹ́ ọmọ kan kò gbọ́dọ̀ dá ọmọ náà lẹ́jọ́. Ẹ gba ìwé máàkì bí ìjókòó bá ti parí. Ẹ má ṣe ro máàkì pọ̀ lásán: onídàájọ́ kan á máa fúnni ní 55 sí 65, òmíràn 80 sí 95. Ẹ sọ máàkì onídàájọ́ kọ̀ọ̀kan di ipò, 1 sí 4, kí ẹ fi ipò mú ẹni tó ṣe dáadáa jù nínú ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀bùn mẹ́ta fún ọ̀rọ̀ ẹnu, kan fún pósítà.

Oúnjẹ: kóńgò mẹ́wàá ìrẹsì tó ọgọ́rùn-ún èèyàn. Omi inú ọ̀rá, ẹ ka mẹ́rin fún ẹnì kan, ìyẹn 400, báàgì ogún. Tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fi pín in.

Àdán ìrọ̀lẹ́ Ẹtì

Bí àlejò bá ti dé ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ mú wọn lọ wo àdán inú ọgbà, Eidolon helvum, tí ìyẹ́ rẹ̀ lè fẹ̀ tó 76 cm. Wọ́n máa ń ṣí kiri ní àsìkò, nítorí náà ẹ lọ wò ní ọ̀sẹ̀ yẹn bóyá wọ́n ṣì wà lórí igi. Ẹ dé ibẹ̀ ní aago mẹ́fà, kí ilẹ̀ tó ṣú tí wọ́n á gbéra. Àwọn ló ń gbé irúgbìn ìrókò lọ sí ibi tí ìyá rẹ̀ kò lè dé. Ẹ dé fìlà, ẹ má gbójú sókè pẹ̀lú ẹnu ní yíyà, ẹ má sì fọwọ́ kan èyí tó bọ́ sílẹ̀ tàbí tó kú: lára irú àdán yìí ní Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí Lagos bat virus ní 1956, ìbátan kòkòrò dìgbòlugi ajá. Ẹ má yin òkò, ẹ má tan iná sí wọn.

Lẹ́yìn àpérò

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́tà ìdúpẹ́ àti ìwé ẹ̀rí, lẹ́yìn tí olúkúlùkù bá ti yẹ bí ẹ ṣe kọ orúkọ rẹ̀ wò. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí akápò lẹ ìṣirò owó mọ́ pátákó ẹ̀ka ẹ̀kọ́ pẹ̀lú rìsíìtì. Inú àkáǹtì ẹgbẹ́ tó ní olùfọwọ́sí méjì ni owó gbọ́dọ̀ ti jáde, kó má jẹ́ àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ẹ di fáìlì kan fún àwọn Part 3: ẹ̀dà lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀, ìwé máàkì, gbogbo abstract, orúkọ ẹni tó tẹ flex àti iye tó gbà, wáàtì tí jẹnẹrétọ̀ gbé, àti ìwé pélébé kan tó sọ ìṣẹ́jú tí ìjókòó kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí gan-an.